Láti Ìdí Pátákò Ẹṣin Dé Ìdí Kámẹ́rà: Bí Mehboob Khan Ṣe Bí Mother India

Nínú Mother India, fíìmù Íńdíà tó jáde ní 1957, ọ̀tá tó le jù ni ìwé gbèsè. Sukhilala, sogúndogójì abúlé, ló ni ín. Ìyá ọkọ Radha, obìnrin àgbẹ̀ tí ìtàn náà dá lé, yá 500 rupee, owó Íńdíà, lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá ọkọ náà kò mọ̀wé kà, ó sì tẹ̀ka sí ohun tí kò yé e. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú àwọn àgbà abúlé, Sukhilala ni wọ́n dá láre: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irè oko ni wọn yóò máa kó fún un gẹ́gẹ́ bí èlé. Birju, ọmọ Radha, dàgbà tán, ó ní dandan, òun fẹ́ mọ bí gbèsè kan ṣe lè wà láti ìran dé ìran. Ó gbìyànjú láti kọ́ ìwé kà, kò ṣeé ṣe fún un. Ìbọn ló gbé níkẹyìn.

Ẹni tó darí fíìmù yìí náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Mo gbà pé ibẹ̀ ni agbára iṣẹ́ náà ti wá. Ẹni tó kàwé lè káàánú ẹni tí kò kà á, ṣùgbọ́n Mehboob Khan mọ bí ó ṣe ń rí lára kí ẹlòmíràn mú bébà dání kí ó sì máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ.

Ọdún 1907 ni wọ́n bí i ní Bilimora, ìlú kékeré kan ní Gujarat, lápá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà. Lábẹ́ ọba Baroda ni àdúgbò náà wà nígbà yẹn. Ilé tálákà ni, kò sí owó ilé ẹ̀kọ́. Noor Muhammad Shipra, ọkùnrin kan tó máa ń fi ẹṣin ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ fíìmù, ló mú un wá sí Bombay, ìlú tí à ń pè ní Mumbai lónìí, kí ó wá máa tún irin ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ní ilé ẹṣin rẹ̀. Fíìmù ayé ìgbà náà kò ní ohùn. Ìtàn ọba, ogun àti eré idà ni àwọn èèyàn fẹ́ràn, kò sì sí bí ogun ọba ṣe lè wáyé láìsí ẹṣin. Bí ẹṣin bá lọ sí ibi iṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á bá a lọ. Báyìí ni ọmọ Bilimora ṣe fojú kan kámẹ́rà. Olùdarí kan, Chandrashekhar, rí i pé ọkàn rẹ̀ fà sí iṣẹ́ náà, ó bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí kò ju kí ó máa dúró láàárín èrò lọ. Ní 1927, ilé iṣẹ́ Imperial tí Ardeshir Irani dá sílẹ̀ ṣe fíìmù Alibaba. Mehboob jẹ́ ọ̀kan nínú ogójì olè náà. Ta ni yóò dá olè kan mọ̀ láàárín ogójì? Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Irani fẹ́ ṣe Alam Ara, fíìmù àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí a ó ti gbọ́ ohùn òṣèré. Wọ́n rò ó pé Mehboob ni kí àwọn fi ṣe olórí òṣèré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí èrò padà, wọ́n fún Master Vithal tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Alam Ara jáde ní March 1931, ó mi ìlú tìtì, Mehboob sì ṣì ń wá ipa tí yóò kó.

Kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà ṣá. Ó kọjá sí ilé iṣẹ́ Sagar, níbẹ̀ ni wọ́n ti gbà á láyè láti darí fíìmù tirẹ̀ àkọ́kọ́, Al Hilal, ní 1935. Faredoon Irani ló di kámẹ́rà mú fún un, àwọn méjèèjì sì jọ ṣiṣẹ́ títí dé Mother India àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kì í fi ìwé ronú nílò ẹni tí yóò bá a fi àwòrán ronú, ó sì rí i ní kùtùkùtù.

Ní 1940 ló ṣe Aurat. Obìnrin àgbẹ̀ kan, gbèsè, ọkọ tó sá fi í sílẹ̀, ọmọ tó yàyàkuyà. Sardar Akhtar ló ṣe ìyá náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó di ìyàwó Mehboob. Kanhaiyalal ló ṣe sogúndogójì. Ẹ rí i pé ìtàn tó padà wá sọ ọ́ di olókìkí ni èyí, ó sì ti sọ ọ́ tán nígbà tó ṣì ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́.

Nígbà tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, òòlù àti dòjé, àmì àwọn Kọ́múníìsì, ló fi ṣe àmì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn. Bí àmì náà bá jáde lójú fíìmù, ewì Urdu kan ló máa ń tẹ̀ lé e: bí ọ̀tá fẹ́ ibi fúnni lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, èyí tí Ọlọ́run bá fọwọ́ sí nìkan ni yóò ṣẹ. Irinṣẹ́ òṣìṣẹ́ lápá kan, Ọlọ́run lápá kejì. Mi ò rí ìtakora kankan níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀ tó ń lo irinṣẹ́ wọ̀nyí náà ń gbàdúrà lójoojúmọ́.

Owó wá dé. Anmol Ghadi ní 1946, Andaz ní 1949, tí Dilip Kumar, Raj Kapoor àti Nargis jọ ṣe, lẹ́yìn náà Aan ní 1952, tó ní àwọ̀ tó sì dé London. Ní 1954 ó kọ́ sítúdíò tirẹ̀ sí Bandra ní Bombay. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìbá dúró níbẹ̀, kí wọ́n máa ṣe fíìmù ààfin àti ìfẹ́ olówó lọ. Mehboob padà sídìí ìtàn 1940. Ó ti ní ilé, ó ti ní kámẹ́rà, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé kí ó dín in kù.

Orúkọ tó fún un dá wàhálà sílẹ̀ kó tó jáde. Ní 1927, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, Katherine Mayo, ti kọ ìwé tó ń jẹ́ Mother India, ó fi tàbùkù àṣà àti àwọn obìnrin Íńdíà, inú sì bí orílẹ̀-èdè náà gan-an. Ní 1955, ìjọba béèrè pé kí Mehboob fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tó fún wọn ni pé òun mọ̀ọ́mọ̀ mú orúkọ yẹn kí fíìmù òun lè dá ìwé náà lóhùn.

Nargis ló ṣe Radha. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Mehboob kọ́kọ́ fún un ní ipa àgbà nínú Taqdeer, ní 1943. Kanhaiyalal tún padà wá ṣe Sukhilala, sogúndogójì kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí wọ́n ń ya ìran iná ní abúlé Umra ní Gujarat, iná náà kọjá bí wọ́n ṣe rò, ó ká Nargis mọ́, Sunil Dutt tó ń ṣe Birju ló sáré wọ inú rẹ̀ gbé e jáde. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn ní 1958.

Fíìmù náà jáde ní October 1957. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn láti du Oscar, ẹ̀bùn fíìmù ńlá ti Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó gbé e lọ, wọ́n yọ àmì òòlù àti dòjé kúrò. Fíìmù Nights of Cabiria ti Federico Fellini, olùdarí ará Ítálì, ló gba ẹ̀bùn náà, àwọn ará Íńdíà sì ń sọ ọ́ títí dòní pé ìbò kan ṣoṣo ló fi jù wọ́n lọ.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì, Kòráà lẹ́nu àwọn bàbá wa, ló ń kó fíìmù Íńdíà wọ Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1950, nítorí pé ó dínwó ju ti Hollywood lọ. Ní Kano, ọ̀pọ̀ ọdún ni Mother India fi ń kún ilé sinimá, tí àwọn èèyàn tí kò gbọ́ Hindi ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bọ̀ kí òṣèré tó là ẹnu. Kò yà mí lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ bá ti ṣe ìwọ̀fà rí mọ Sukhilala láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn, Son of India, jáde ní 1962, kò sì pa owó. Ní 28 May 1964, ọjọ́ kejì tí olórí ìjọba Jawaharlal Nehru kú, Mehboob náà kú, ẹni ọdún 56. Sítúdíò tó kọ́ sí Bandra kò tì. Olùdarí Guru Dutt ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni òṣèré Dev Anand ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú fíìmù ilé iṣẹ́ rẹ̀, Navketan.