Orí Ọmọ Ló Kọ́kọ́ Ń Wọ Sùwẹ́tà

"Àǹtí, ẹ bá mi tú ọrùn ẹ̀ díẹ̀." Gbólóhùn yìí ti sú mi. Sùwẹ́tà ọmọdé ni wọ́n máa ń gbé wá. Ara rẹ̀ ń fà, apá méjèèjì gún régé, òwú rẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n orí ọmọ ò gba ọrùn rẹ̀ kọjá. Àwọn míì á ti fi tipátipá fà á bọ ọmọ lórí títí etí ọmọ fi pọ́n, kí wọ́n tó rántí pé ẹnì kan wà tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú òwú sórí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti ń ronú àtihun sùwẹ́tà fọ́mọ gbọ́dọ̀ ti mọ ìyẹn. Onígun mẹ́rin méjì fún àyà àti ẹ̀yìn, méjì kékeré fún apá, ẹ rán wọn pọ̀, ó tán. Kí ó sáà fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 fẹ̀ ju àyà ọmọ lọ. Ọrùn ni wàhálà wà.

Orí ọmọ tuntun máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yíká. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ó ti tó 46, àyà rẹ̀ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Orí àwa àgbà sábà máa ń wà láàárín 54 sí 58, bẹ́ẹ̀ àyà wa ti lé ní 80 tipẹ́. Ẹni tó bá wá mú ìwọ̀n sùwẹ́tà àgbà, tó kàn dín gbogbo rẹ̀ kù, ọrùn tí yóò fún ọmọ lórí ló hun yẹn. Ihò tí a nílò gbọ́dọ̀ fẹ̀ kọjá 46, kó sì tún padà wá jókòó sí ọrùn tí kò ju bí ìdajì ìyẹn lọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Kì í ṣe òwú ló ń fà, ojú ìhun ni. Tí ẹ bá hun ojú kan síwájú, kan sẹ́yìn, títí dé òpin ìlà, àwọn kan á yọ síta, àwọn kan á wọlé, aṣọ á kó ara rẹ̀ jọ. Ẹ fà á ní ìbú, á ṣí. Ẹ fi í sílẹ̀, á padà. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn, wọ́n á hun ọrùn bẹ́ẹ̀, á dára, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ìlà ìkẹyìn tí wọ́n fẹ́ pa ojú dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fún òwú mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè "mọ́". Bí ẹ ṣe ń fi ojú kan kọjá lórí èkejì, ẹ̀wọ̀n òwú lẹ ń tò sí etí ọrùn, ẹ̀wọ̀n ọ̀hún ò sì lè gùn ju òwú tí ẹ bá fún un. Tí ẹ bá ti fún un jù, etí ọrùn á le bíi waya, gbogbo bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fà ò wúlò fún nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ mìlímítà 4 lẹ fi hun? Ẹ fi 5 tàbí 5 ààbọ̀ pa á dé. Kí ẹ tó gé òwú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ya ọrùn náà, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tí òwú bá ti ń gé yín lọ́wọ́ kó tó ṣí kọjá orí ọmọ, ẹ tú ìlà yẹn nìkan, kí ẹ tún un pa. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò fẹ́ tú nǹkan.

Ẹ̀yin oníkóróṣéè tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ kan ṣoṣo hun, tiyín tún le jù. Orí ojú kọ̀ọ̀kan ní fọ́nrán méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń ki abẹ́rẹ́ sábẹ́ méjèèjì, aṣọ á le gbagidi. Ẹ mú tẹ̀yìn nìkan. Irú ìhun yìí máa ń fà láti ìlà dé ìlà, kì í fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Nítorí náà, bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ hun ọrùn, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rán an mọ́ ara sùwẹ́tà.

Àwọn onímọ̀ràn òfìfo kan wà tó ń sọ pé kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ọrùn tó bá fún. Lórí akírílíìkì, òwú àtọwọ́dá, kẹ̀! Ooru á pa fọ́nrán rẹ̀, á fẹ̀ lóòótọ́, á rọ jọ̀wọ̀lọ̀, kò sì ní padà mọ́ láéláé. Àwọn kan ní kí ẹ fi omi gbígbóná fọ wúùlù, kí ẹ fi ọwọ́ bó o dáadáa. Ńṣe ni yóò súnkì, tí yóò ki pọ̀, tí ọmọ lángidi nìkan á lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀wù tó bá fún mọ́ra ló ń mú ọmọ móoru náà ńkọ́? Atẹ́gùn tí ojú ìhun há mọ́lẹ̀ ló ń móoru. Ẹ fún un pa, atẹ́gùn ò ní ríbi jókòó sí.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti oníbàárà kan tó ń bẹ̀rù kí ọrùn má fún, tó wá hun ọrùn tó fẹ̀ jù. Kò tú u. Okùn gígùn ló kì bọ inú rẹ̀ yíká, ó so bọ́ọ̀lù òwú méjì mọ́ ẹnu okùn, ó ní òun á máa so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí n bá òun hun fìlà tó bá a mu. Mo ní kó kọ́kọ́ fa okùn yẹn yọ. Ó ní mo ń jowú iṣẹ́ òun.

Ọmọ ti kú nípasẹ̀ irú okùn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń há sára ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ fi ń yọ̀ wálẹ̀, ara ọmọ á máa lọ, ọrùn á dúró. Láti 1996 ni àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ti gbani níyànjú pé kí okùn má sí lọ́rùn ẹ̀wù òkè ọmọdé, ní 2011 wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 14682 ò fàyè gba okùn lọ́rùn ẹ̀wù ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7. Bọ́tìnnì èjìká náà, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ tó ṣì ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí èjìká iwájú gun ti ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ rán wọn mọ́ra níbi apá nìkan, ọrùn á ṣí fúnra rẹ̀.

Ọrùn tó bá sì fẹ̀ jù, ẹ kó ojú etí rẹ̀ sórí abẹ́rẹ́ tó kéré, ẹ dín ojú díẹ̀ kù, ẹ hun kan síwájú, kan sẹ́yìn, bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Abẹ́rẹ́ ńlá ni kí ẹ fi pa á dé.