Kí Ló Dé Tí Ilẹ̀kùn Àpérò Àwọn Onímọ̀ Kẹ́mísírì Fi Ń Tì Kí Ọjọ́ Àpérò Tó Pé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Lọ́dọọdún, bí ìkéde àpérò àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì bá ti jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Adó-Èkìtì àti àwọn òbí wọn a máa gbé ìbéèrè wá bá mi. Ìyá kan tí ó ń ta iṣu ní Ìkẹ́rẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ọmọ òun fẹ́ lọ ṣe níbi ìpàdé tí kò ní ìdánwò, tí kò ní owó oṣù, tí ó sì tún jẹ́ pé ọmọ náà ni yóò san owó kí ó tó wọlé. Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Èyí ni mo fi kó èyí tí wọ́n máa ń béèrè jù lọ jọ síbí.

Ta ni ó ń pe àwọn àpérò wọ̀nyí, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń wáyé?

Ní orílẹ̀-èdè wa, Chemical Society of Nigeria, tí a mọ̀ sí CSN, ni ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì jọ. Ọdún 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdọọdún ni ó ń ṣe àpérò ńlá, tí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, ìlú tí ó sì gbà á lálejò ní ọdún yìí kọ́ ni yóò gbà á ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ICCON, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa ṣe àkóso àwọn tí ó fi kẹ́mísírì ṣiṣẹ́ ṣe.

Ní òkè òkun, ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà, ACS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, a máa ṣe ìpàdé ńlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan ní nǹkan bí oṣù Kẹta, èkejì ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ. IUPAC, àjọ àgbáyé ti kẹ́mísírì, tí ó ti wà láti 1919, tí ó sì ń fi orúkọ fún àwọn èròjà, a máa ṣe tirẹ̀ ní ọdún méjì-méjì: lára wọn ni ti Paris ní 2019, ti The Hague ní 2023 àti ti Kuala Lumpur ní 2025, ti 2027 sì jẹ́ ti Montréal ní Kánádà. Àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà náà ní àpapọ̀ tiwọn, tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Addis Ababa ní 2006. Fún ẹni tí ó ń ti Èkìtì bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó kọ́kọ́ lọ sí ti CSN kí ó tó ronú ọkọ̀ òfuurufú.

Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí ló ti wà nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí, àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni wọ́n tún ń pàdé fún?

Ìtàn ni mo fi máa ń dáhùn èyí, nítorí pé ìtàn náà ni ó yí èrò tèmi fúnra mi padà. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èdè àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Yúróòpù ti dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹnìkan a kọ omi sílẹ̀ bí HO, ẹlòmíràn a kọ ọ́ bí H₂O. Ẹnìkan a ní 6 ni ìwọ̀n átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, ẹlòmíràn a ní 12 ni. August Kekulé, ọmọ Jámánì, ka fọ́múlà 19 tí àwọn ènìyàn ń kọ fún ásíìdì kan ṣoṣo, èyí tí ó wà nínú fínígà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pe ìpàdé sí ìlú Karlsruhe ní Jámánì, láti ọjọ́ kẹta títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1860, àwọn tí ó sì jẹ́ ìpè lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ Sísílì kan wà láàrin wọn, Stanislao Cannizzaro, ẹni ọdún 34. Láti 1858 ni ó ti tẹ ojútùú ọ̀rọ̀ náà jáde ní èdè Ítálì, tí ó gbé e ka èrò tí Avogadro, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ítálì, ti sọ láti 1811. Ìwé náà wà nílẹ̀ fún ọdún méjì, àwọn tí ó kà á sí kò sì tó nǹkan. Ní Karlsruhe ó dìde, ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìpàdé tú ká láìsí pé ẹnu kò. Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Angelo Pavesi, ń fi ìwé pélébé náà lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lothar Meyer, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì, fi tirẹ̀ sápò, ó kà á nígbà tí ó ń padà lọ sílé, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ìpẹ́ bọ́ kúrò lójú òun. Dmitri Mendeleev, ọmọ Rọ́ṣíà, náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 26. Ní 1869 ni ó gbé tábìlì àwọn èròjà jáde, èyí tí àwọn ọmọ girama wa ń há sórí títí di òní.

Ẹ wò ó dáadáa: ìwé kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tí ó wà nínú jọ́nà, àwọn ènìyàn gbójú fò ó. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí ó kọ ọ́, tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ìwé sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n kà á. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò jáde láti lọ gbọ́ ọ.

Kí ni ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn kan ń dúró ti pósítà, ìyẹn ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn sí, àwọn ìyókù ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni oúnjẹ gidi tí a lọ jẹ. Oríṣi ìpàdé kan wà ní Ìlú Ọba tí ó fi èyí hàn kedere, èyí tí wọ́n ń pè ní Faraday Discussions, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Wọn a ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn ṣáájú, nítorí náà ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n ń fún ẹni tí ó ṣe é láti sọ̀rọ̀. Àkókò tí ó kù jẹ́ ti ìbéèrè àti àríyànjiyàn, wọn a sì tẹ àríyànjiyàn náà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ nínú ìwé.

Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi gbé pósítà lọ. Iṣẹ́ lórí irin tí ó wà nínú omi kànga ní àwọn àdúgbò Adó ni. Ìyá àgbà kan nínú iṣẹ́ wa dúró, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, oṣù wo lo bu omi yìí?” Mo ní oṣù Kejì ni, mà. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan? Lọ bu òmíràn nígbà òjò kí o tó ní kí ẹnikẹ́ni gbà ọ́ gbọ́.” Ọdún kan gbáko ni ìbéèrè yẹn fi kún iṣẹ́ mi. Àwọn méjì tí wọ́n ti bá mi ka iṣẹ́ náà ṣáájú kò rí i, èmi náà kò sì rí i. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

Bí àpérò bá ku oṣù márùn-ún, kí ló dé tí wọ́n fi sọ fún ọmọ mi pé ó ti pẹ́?

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni èyí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí orí ìkéde ni ọjọ́ tí àpérò máa ṣí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí wọn kò ní gba àṣamọ̀ mọ́, ìyẹn àkékúrú iṣẹ́ tí a fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà wá láyè. Ní ti ìpàdé ACS ti oṣù Kẹta, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ọdún tí ó ṣáájú ni ilẹ̀kùn náà sábà máa ń tì.

Wọn kò ṣe é láti fi ni ènìyàn lára. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣamọ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pín in sí ẹ̀ka tí ó kàn, kí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àti wákàtí, kí wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí omi kò máa sọ̀rọ̀ ní àkókò kan náà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpè yóò jáde, ẹni tí ó ń ti Nàìjíríà lọ yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá físà. Ìwé ìpè kì í ṣe físà. Mo ti rí ẹni tí ó di ẹrù nítorí pé ìwé ìpè ti dé, tí kò sì kúrò ní Èkó.

Ní Adó, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ Ùdírókò kì í dúró di àárọ̀ ọdún kí ó tó gbé aṣọ lọ fún télọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí àpérò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́ àpérò sílẹ̀, kí ó wá máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn: ìgbà wo ni owó ìforúkọsílẹ̀ máa gun òkè, ìgbà wo ni àṣamọ̀ máa tì, ìgbà wo ni olùkọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá a ka àṣamọ̀ náà, ìgbà wo ni iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti mú nǹkan jáde. Bí ó bá kà á tán, yóò rí i pé ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àpérò oṣù Kẹsàn-án lè jẹ́ ọjọ́ kejì ọdún tuntun.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ àṣamọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí?

Kí ó kọ ohun tí ó ti rí, kí ó má ṣe kọ ohun tí ó ń retí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í gbà ju ọ̀rọ̀ 250 tàbí 300 lọ. Ká ní iṣẹ́ náà dá lórí májèlé sáyánáìdì tí ó ṣẹ́ kù sínú gàrí. Àṣamọ̀ tí ó sọ pé “a óò ṣe àyẹ̀wò gàrí, a óò sì jíròrò èsì rẹ̀” kò sọ nǹkan kan. Èyí tí ó sọ iye ọjà tí wọ́n ti ra gàrí, iye ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ́ kí pákí rírin rẹ̀ kan, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn májèlé náà àti iye tí wọ́n rí, ti sọ tirẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ ṣì kù. Ẹni tí ó bá sì ṣe ìlérí èsì tí kò tíì rí yóò dúró níwájú àwọn àgbà lọ́jọ́ àpérò pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Kí ló dé tí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ fi ń sanwó?

Gbọ̀ngàn, iná, oúnjẹ àti ìwé títẹ̀ ni owó náà ń bá lọ. Owó akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kéré sí ti olùkọ́, ti ọmọ ẹgbẹ́ sì máa ń kéré sí ti àlejò, nítorí náà ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, bíi yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, lè béèrè fún ìrànwọ́ àpérò lábẹ́ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń fi owó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́. Olùkọ́ ni ètò náà wà fún, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. OPCW, àjọ tí ó ń gbógun ti ohun ìjà olóró láti The Hague, náà ní ètò tí ó ń ran àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì láti ilẹ̀ bíi tiwa lọ́wọ́ láti dé àpérò. Gbogbo wọn ni ó ń béèrè pé kí a tètè kọ̀wé.

Lẹ́tà ìpè dé láti ibi tí a kò mọ̀. Báwo ni a ṣe ń mọ àpérò èké?

Ní 2016, Christoph Bartneck, olùkọ́ yunifásítì kan ní New Zealand, jẹ́ kí fóònù rẹ̀ máa dábàá ọ̀rọ̀ fún un títí ó fi kún àṣamọ̀ kan lórí físíìsì tí kò ní ìtumọ̀ rárá, ó sì fi ránṣẹ́ sí àpérò kan. Láàrin wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ti gbà á, tí wọ́n sì ní kí ó wá forúkọ sílẹ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pa á láṣẹ fún OMICS, ilé iṣẹ́ kan tí ó ń tẹ jọ́nà tí ó sì ń pe àpérò, pé kí ó san ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Lára ẹ̀sùn tí ó jẹ mọ́ ọn ni pé ó ń fi orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí kò gbà láti wá polówó àpérò rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gba àṣamọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fura. Bí àpérò kan náà bá gba kẹ́mísírì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ètò ọrọ̀ ajé pọ̀, ẹ fura. Ohun tí ó dájú jù ni pé kí ẹ lọ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tí wọ́n dárúkọ fúnra yín, kí ẹ wò bóyá àpérò náà wà lára èyí tí ẹgbẹ́ náà kéde. Owó òbí tí ó ta iṣu ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ kí ó sọnù.

Wọ́n gba àṣamọ̀ ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó gbé pósítà wá, kì í ṣe kí ó sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n fojú tín-ín-rín rẹ̀ ni?

Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ni ó padà wá béèrè èyí. Rárá, mà. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lè má rí ju ìbéèrè méjì gbà kí wọ́n tó ní àkókò ti tó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ti pósítà lè bá ogún ènìyàn sọ̀rọ̀ ní wákàtí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì dúró pẹ́ tó bí ó ṣe wù ú. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 84, ó sì ga ní 119. Kí ó tẹ̀ ẹ́ ní Adó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó kọ lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó èyí tí ẹni tí ó dúró ní ìṣísẹ̀ méjì lè kà. Kí ó sì mú bírò àti ìwé kékeré dání, kí ó máa kọ orúkọ ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè àti ìbéèrè náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó lọ jẹun.