Kí Ẹ Tó Fi Òòlù Kan Ibi Tó Tẹ̀ Lára Ọkọ̀ Yín

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá àwa panẹ́bítà, wọn kì bá tí dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ọlọ́kadà kan fi ọwọ́ ọ̀kadà gún ilẹ̀kùn, tàbí géètì ilé gbá fẹ́ńdà. Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí ọlọ́kọ̀ ti fi òòlù kàn nílé kó tó gbé e wá: iṣẹ́ díẹ̀ ti di iṣẹ́ pọ́tì (ohun tí a fi ń dí ojú irin kí a tó kùn ún) àti ọ̀dà tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá òòfà kékeré, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má baà họ ọ̀dà, ẹ gbé e lé ibi tó tẹ̀. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, irin ni. Tí kò bá lẹ̀ rárá, rọ́bà tàbí alumíníọ̀mù ni. Tó bá lẹ̀ lápá kan ilẹ̀kùn, tó wá ń já bọ́ lápá kejì, á jẹ́ pé pọ́tì tó nípọn wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹnìkan ti tún un ṣe rí. (Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó mú òòfà yìí dání.) Ẹ má fa ibi tí pọ́tì bá wà, ẹ má sì tì í. Yóò sán.

Bọ́ńpà rọ́bà ló rọrùn jù. Ẹ se omi kó hó, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sórí ibi tó tẹ̀ àti etí rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn bọ́ńpà láti abẹ́, kí ẹ tì í síta. Bó bá ti jáde, ẹ da omi tútù lé e lójú ẹsẹ̀ kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má lo iná gáàsì: ọ̀dà á wú, rọ́bà á yọ́.

Irin kì í gbọ́ ti omi gbígbóná. Bí ibi tó tẹ̀ bá fẹ̀, tí kò jìn, tí kò sì ká lójú, ẹ mú rọ́bà onígi tí wọ́n fi ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dí, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi omi tutu ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ fà á. Tí kò bá gbọ́, tí ọwọ́ sì dé ẹ̀yìn rẹ̀, bíi abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ wé ẹnu igi tó dán, ẹ máa fi tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti etí wá sí àárín. Àárín ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lù, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Irin ara ọkọ̀ kì í sábà nípọn tó mìlímítà 1. Bí òòlù bá ń bà á, ńṣe ló ń nà. Irin tó bá sì ti nà ju àyè rẹ̀ lọ kò rí ibi padà sí. Á máa wú síta, á máa dún pàkàpàkà bíi ìdérí agolo bísíkíìtì.

Ẹ má fọwọ́ kan òpó tó gbé òrùlé ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là wà nítòsí ibẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ ní kí panẹ́bítà kọ́kọ́ gbìyànjú láti tì í jáde láì bó ọ̀dà.

Ibi tí ọ̀dà bá ti là kì í dúró de owó, pàápàá létí òkun bíi Lẹ́kì àti Badagry, níbi tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́: irin á máa dípẹtà lábẹ́lẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ̀dà èékánná tí kò láwọ̀ bò ó kí òjò tó rọ̀, títí ẹ ó fi rí ẹni kùn ún dáadáa.