Mẹ́talọ́kan àti àwọn ọ̀rọ̀ èdè Hébérù

Mẹ́talọ́kan ni ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kristẹni tó sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, àti pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni Ọlọ́run náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú Bíbélì Hébérù tó jẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ yìí. Èdè Gíríìkì àti Látìn ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Theophilus ará Áńtíókù lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà trias ní nǹkan bí ọdún 180, Tertullian ará Carthage sì lo trinitas ti Látìn láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ Nicaea (325) àti ti Constantinople (381) ló ṣe ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà títí dòní. Síbẹ̀, ó pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń wá ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nínú Hébérù fúnra rẹ̀, pàápàá nínú Elohim ("Ọlọ́run") àti echad ("ọ̀kan").

Elohim

Àfòmọ́ -im ni àmì ọ̀pọ̀ fún ọ̀rọ̀-orúkọ akọ: sus ni ẹṣin kan, susim ni àwọn ẹṣin. Elohim hàn nínú Bíbélì Hébérù ní bíi ìgbà 2,600. Eloah, tó jẹ́ ẹyọ, kò tó ìgbà 60, inú ìwé Jóòbù ló sì pọ̀ sí jù. Bí Elohim bá ń tọ́ka sí àwọn òrìṣà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e máa ń jẹ́ ọ̀pọ̀. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run Ísírẹ́lì, ẹyọ ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Jẹ́nẹ́sísì 1:1 fi lo bara, "ó dá", tí kò lo bar'u, "wọ́n dá".

Ní ọ̀rúndún kejìlá, Peter Lombard, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni, rí ẹ̀rí Mẹ́talọ́kan nínú àmì ọ̀pọ̀ yìí. Calvin, aṣáájú àtúnṣe ìjọ tí òun náà gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, kọ̀ ọ́ nínú àlàyé rẹ̀ lórí Jẹ́nẹ́sísì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún: bí Elohim bá jẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, a jẹ́ pé Ọmọ ló bí ara rẹ̀. Gírámà pàápàá kò ran ẹ̀rí náà lọ́wọ́. Elohim kan náà ni wọ́n pe àwọn òrìṣà Dágónì (Onídàájọ́ 16:23) àti Kémóṣì (Onídàájọ́ 11:24), òun náà ni Ọlọ́run sì fi Mósè ṣe fún Fáráò (Ẹ́kísódù 7:1). Kò sẹ́ni tó sọ pé Dágónì jẹ́ mẹ́ta. Nínú Aísáyà 19:4, "olúwa" kan ṣoṣo tó rorò ni adonim, ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n qasheh tó yán an jẹ́ ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀wọ̀ ni àwọn onímọ̀ gírámà ń pe irú èyí. Kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye, nítorí a máa ń ní "Bàbá ti dé, wọ́n wà nínú ilé". Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o: arọ́pò-orúkọ ni Yorùbá fi ń bọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ti Hébérù. Yàtọ̀ sí èyí, Hébérù ní àmì fún méjì (-ayim), kò ní àmì fún mẹ́ta. -Im lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún.

Àwọn ibi díẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀-ìṣe Ọlọ́run Ísírẹ́lì fi jẹ́ ọ̀pọ̀: Jẹ́nẹ́sísì 20:13 àti 35:7, àti Sámúẹ́lì Kejì 7:23. Ẹni tó bá fẹ́ lo èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wo Kíróníkà Kìíní 17:21, níbi tí gbólóhùn kan náà ti di ẹyọ.

"Ẹ jẹ́ kí a dá ènìyàn" (na'aseh, Jẹ́nẹ́sísì 1:26) lágbára ju Elohim lọ, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló jẹ́ ọ̀pọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí Hébérù ìgbà náà fi irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Justin Martyr, òǹkọ̀wé Kristẹni ní ọ̀rúndún kejì, ní Ọmọ ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Rashi, alálàyé Bíbélì tó jẹ́ Júù (1040–1105), ní àwọn áńgẹ́lì ni. Ẹsẹ 27 tún padà sí ẹyọ.

Echad àti yachid

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ni ni pé echad inú Diutarónómì 6:4 ("Olúwa kan ni") jẹ́ "ọ̀kan" tó ní ẹ̀ka nínú, pé yachid ni ì bá jẹ́ ọ̀kan pérépéré. Ẹ̀rí wọn ni "ara kan" (Jẹ́nẹ́sísì 2:24) àti ìdì èso àjàrà kan (Númérì 13:23). Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ló gbé ọ̀pọ̀ náà wá, kì í ṣe nọ́ńbà: ìdì ló ní èso púpọ̀, echad kàn sọ pé ìdì náà kò ju ọ̀kan lọ. Nínú Oníwàásù 4:8, echad ni ẹni tí kò ní ẹnìkejì. Nínú Esekíẹ́lì 33:24, Ábúráhámù nìkan ni. Ìgbà 12 péré ni yachid hàn. Ọmọ kan ṣoṣo (Jẹ́nẹ́sísì 22:2) tàbí ẹni tó dá nìkan wà (Sáàmù 25:16) ló sábà ń jẹ́, wọn kò sì lò ó fún Ọlọ́run níbì kankan nínú Bíbélì.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Maimonides, onímọ̀ òfin Júù (1138–1204), ló fi yachid rọ́pò echad kó lè dènà Mẹ́talọ́kan. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ìlànà ìgbàgbọ́ 13 rẹ̀. Inú Ani Ma'amin, àkékúrú Hébérù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ni yachid ti wá. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé òfin rẹ̀, Mishneh Torah, ní Hébérù, echad ló lò.

Ruach àti davar

Ruach ni afẹ́fẹ́, èémí àti ẹ̀mí. Abo ló sábà jẹ́ nínú gírámà, ìdí sì nìyẹn tí Aphrahat, tó kọ̀wé ní èdè Síríákì ní ọ̀rúndún kẹrin, fi lè pe Ẹ̀mí ní ìyá. Davar, "ọ̀rọ̀", pàdé ruach nínú Sáàmù 33:6, níbi tí a ti fi ọ̀rọ̀ Olúwa àti èémí ẹnu rẹ̀ dá ọ̀run, ẹsẹ tí àwọn Bàbá Ìjọ (àwọn olùkọ́ ìjọ ìgbà ìjímìjí) fẹ́ràn gan-an.

Yíyẹ ẹ̀rí wò

Ìwé atọ́ka Strong (1890) fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: 430 ni Elohim, 259 ni echad, 3173 ni yachid. Kì í ṣe ìtumọ̀ tó bá wu ènìyàn nínú àkójọ ibẹ̀ ni yóò mú. Gbogbo ẹsẹ tí nọ́ńbà náà ti hàn ni kó kà, kó wo ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó bá a rìn. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá, nítorí "Ọlọ́run" kan náà ló dúró fún Elohim àti eloah níbẹ̀. Ti àwọn tó ń wá bar, "ọmọ", nínú lẹ́tà bereshit, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú Jẹ́nẹ́sísì, yàtọ̀ pátápátá: b- níbẹ̀ jẹ́ "ní", reshit ni "ìbẹ̀rẹ̀", ààlà ọ̀rọ̀ méjèèjì ni wọ́n sì gé kọjá kí wọ́n tó rí "ọmọ".