Bí ẹjọ́ ọmọ alágídí ṣe ń lọ nínú òfin àwọn Júù

Ẹsẹ mẹ́rin péré ni òfin náà gbà nínú Diutarónómì 21:18-21. Ọmọkùnrin tó ya alágídí, tí wọ́n bá wí tí kò gbọ́, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ mú un lọ bá àwọn àgbààgbà ní ẹnubodè ìlú, kí wọ́n ní ọ̀jẹun àti ọ̀mùtí ni, kí àwọn ọkùnrin ìlú sì sọ ọ́ lókùúta pa. Ẹni tó fi ẹsẹ yìí nìkan dẹ́rù ba ọmọ kò tíì mọ òfin náà. Àlàyé rẹ̀ wà ní orí kẹjọ ìwé Sanhedrin nínú Mishnah, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200. Ibẹ̀ ni àwọn rábì ti yẹ ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ náà wò níkọ̀ọ̀kan, títí ẹjọ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé dá mọ́.

Ọmọbìnrin kò sí nínú rẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì bàlágà kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí irun abẹ́ rẹ̀ ti hù yí ká náà sì ti dàgbà kọjá rẹ̀. Talmud, ìwé tó ń ṣàlàyé Mishnah, ní oṣù mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jí nǹkan bàbá rẹ̀, kó sì lọ jẹ ẹ́ nílé onílé. Bó bá jẹ ẹ́ nílé bàbá rẹ̀, ó bọ́. Ẹran àti wáìnì nìkan ló kà: ìdajì mane ẹran àti ìdajì lógù wáìnì (ìwọ̀n àtijọ́ ni méjèèjì; lógù kan tó ìwọ̀n ẹyin adìẹ mẹ́fà). Rábì Yose ní odindi mane àti odindi lógù ni. Bó bá jẹ ẹ́ níbi àsè tí òfin pa láṣẹ, ó bọ́. Kódà bó jẹ òkú ẹran tí òfin kà léèwọ̀, ó bọ́: ohùn Ọlọ́run ló kọ̀ nígbà yẹn, ohùn òbí sì ni ẹsẹ náà sọ.

Kí ló dé tí ẹran àti wáìnì á fi la ikú lọ? Mishnah ní ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́. Talmud ṣàlàyé pé yóò jẹ ogún bàbá rẹ̀ tán, yóò wá dúró ní oríta máa ja àwọn èèyàn lólè. Ó sàn kó kú láìtíì jẹ̀bi. Síbẹ̀, Talmud gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí, kò sì ní í wáyé. Torí kí a lè kọ́ ọ ká sì gba èrè ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Rábì Jonathan kò gbà: ó ní òun rí ọ̀kan, òun sì jókòó lórí ibojì rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ni ẹjọ́ náà ti ń há jù. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá fẹ́, ó parí. "Kí wọ́n mú un": ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ kò lè mú un. "Kí wọ́n mú un jáde": arọ kò lè ṣe é. "Kí wọ́n wí": odi kò lè wí. "Ọmọ wa yìí": afọ́jú kò lè nawọ́ sí i. "Kò gbọ́ ohùn wa": adití kò lè mọ̀ bóyá ó fèsì. Rábì Judah tún fi kún un pé ìyá gbọ́dọ̀ bá bàbá mu, Talmud sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí ohùn, ìrísí àti gíga àwọn méjèèjì dọ́gba.

Bí gbogbo èyí bá pé, ìkìlọ̀ níwájú adájọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ ń wáyé, wọ́n á sì nà án lẹ́gba. Bó bá tún ṣe é, ó di iwájú adájọ́ 23, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá sá lọ kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà, tí irun abẹ́ rẹ̀ sì hù yí ká, wọn kò lè dá a lẹ́jọ́ mọ́. Bí bàbá àti ìyá bá sì ní àwọn dárí jì í, ó ti bọ́.