Ìkòkò ṣúgà Louisiana nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì

Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣàlàyé bí omi ṣe ń hó, ìdí ìkòkò ṣúgà ní Louisiana, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún 1843 tó dé, ìkòkò irin ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí iná kan ṣoṣo: èyí tó tóbi jù jìnnà síná, èyí tó kéré jù wà lẹ́nu iná gan-an. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń fi ìgbakọ ọlọ́wọ́ gígùn bu omi ìrèké gbígbóná láti inú ọ̀kan sínú èkejì, tọ̀sán-tòru, torí ìrèké tí wọ́n bá ti gé kì í pẹ́ kan, yìnyín sì lè pa èyí tó kù lóko. Omi ìrèké tó ti ki, bó bá ta síni lára, kì í ṣàn lọ. Ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ awọ. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí náà jìyà irú iṣẹ́ yìí.

Ẹfun tí wọ́n jó ni wọ́n fi ń pa kíkan omi ìrèké. Bó bá kéré, ṣúgà á pín sí irú ṣúgà méjì mìíràn, gúlúkóòsì àti fúrúkítóòsì, kò ní dì dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, á dúdú. Bó sì ṣe ń ki ni ooru tó fi ń hó ń ga ju ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ìyẹn ló ń jó o nínú ìkòkò ìkẹyìn. Gbogbo oru tó ń jáde sì ń fò lọ lásán.

Norbert Rillieux, adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú, tí wọ́n bí ní New Orleans lọ́dún 1806, tó kàwé ní Paris, ló rí oru yẹn mú. Ó gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀, lórí rẹ̀ ní 1843 àti 1846. Ó de ìkòkò pa, ó fa afẹ́fẹ́ inú wọn, ó sì fi páìpù gbé oru ìkòkò kìíní lọ se èkejì. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti dín kù sí ìlàjì, omi á hó ní nǹkan bíi 81. Kílò oru kan tó ń gbẹ nǹkan bíi kílò omi kan tẹ́lẹ̀ wá ń gbẹ bíi mẹ́ta nínú ìkòkò mẹ́ta.

Ẹ̀rọ rẹ̀ gba ìgbakọ lọ́wọ́ ẹrú, àmọ́ kò tú u sílẹ̀. Àwọn olóko tó ra ẹ̀rọ náà ṣì ń ra èèyàn. Kí olùkọ́ má fo ibẹ̀ yẹn.

Ní kíláàsì, sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ ti tó. Se omi kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, jẹ́ kó wálẹ̀ dé bíi 60, fa díẹ̀, ti afẹ́fẹ́ tó bá kù jáde, dí ẹnu rẹ̀ pa, kí o wá fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn: omi á hó láìsí iná. Bí kò bá hó, afẹ́fẹ́ ló ń rí ihò wọlé, àbùkù kan náà tó ń dá ìkòkò ìkẹyìn Rillieux dúró.