Orin igi tei: bí èdè Ròmáníà ṣe gba ẹnu gbogbo Yúróòpù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó jó sí orin "Dragostea din tei" lọ́dún 2004 gbà pé ọmọ Ròmáníà ló kọ ọ́. Èdè Ròmáníà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Moldova ni àwọn tó kọ ọ́ ti wá, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà láàárín Ròmáníà àti Ukraine. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fo Moldova nínú ìtàn yìí, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Moldova wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń kọ èdè náà. Èdè Moldova ni ìjọba ní kí wọ́n máa pè é, bí ẹni pé èyí tí wọ́n ń sọ ní Ròmáníà jẹ́ òmíràn. Oṣù kẹjọ ọdún 1989 ni òfin tó dá lẹ́tà Látìn padà jáde. Òmìnira tẹ̀ lé e ní 1991. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Dan Balan, ọ̀kan lára àwọn tó kọ orin náà, nígbà òfin yẹn, ní Chișinău tí í ṣe olú-ìlú.

Orin onígìtá líle ni Balan kọ́kọ́ ń kọ. Nígbà tó yà sí orin ijó, òun àti Petru Jelihovschi dá ẹgbẹ́ olórin O-Zone sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Jelihovschi kúrò, Radu Sîrbu àti Arsenie Todiraș sì wọlé ní 2001. Ọjà orin Moldova kò tó wọn jẹ, ni wọ́n bá kó lọ sí Ròmáníà ní 2002.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni orin náà jáde. Balan ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Igi tei tó wà nínú orúkọ orin náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní linden, máa ń ta sánsán nígbà tó bá yọ òdòdó, òun sì ni igi ìfẹ́ nínú ewì èdè Ròmáníà. Títí dòní ni wọ́n ń tọ́jú èyí tí wọ́n so mọ́ orúkọ akéwì Eminescu ní ìlú Iași. Nínú orin yìí, ọkùnrin kan ló ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní "haiduc", ìyẹn àwọn akọni inú igbó tí ìtàn ní wọ́n ń gba ti olówó fún tálákà. "Nu mă iei" tó wà nínú ègbè túmọ̀ sí "o ò mú mi dání". Ibẹ̀ ni ayé ti gbọ́ "numa numa". Ìró tí wọ́n fi ṣí orin náà kò ní ìtumọ̀ rárá, mo sì gbà pé òun ló ṣílẹ̀kùn: kò sẹ́ni tí kò lè gbè é.

Kí oní-nǹkan tó dé ọjà, nǹkan rẹ̀ ti dé. Paula Mitrache, ọmọ Ròmáníà tó ń kọrin ní Itálì, tún orin náà kọ lábẹ́ orúkọ Haiducii, orúkọ tó bá haiduc inú orin yẹn mu, ó sì gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 2004. Àwọn O-Zone náà wá gbé tiwọn jáde káàkiri Yúróòpù. Ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n fi wà ní ipò kìíní ní Jámánì, 15 ní Faransé. Ipò kẹta ni wọ́n dé ní Bìrìtìkó. Wọn kò tú ọ̀rọ̀ kan sí Gẹ̀ẹ́sì kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀.

Ní December 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní New Jersey jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń gbè é, ó ń ju ọwọ́, fídíò náà sì tàn kálẹ̀ nígbà tí kò tíì sí YouTube. Ní Jàpáàn, àwòrán ológbò tó ń jó ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2008, T.I. àti Rihanna mú ohùn ègbè rẹ̀ sínú "Live Your Life", ìyẹn sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. O-Zone ti túká láti 2005.

Ogún ọdún lẹ́yìn tí orin náà jáde, ní oṣù kẹta 2023, ni ilé aṣòfin ní Chișinău tó dìbò pé kí òfin ilẹ̀ wọn máa pe èdè náà ní èdè Ròmáníà.